Ijó alẹ́ ní Laura: àṣìṣe tó ń ba fọ́tò jẹ́

Laura, ìlú kékeré kan ní Cape York ní ìpínlẹ̀ Queensland, ni àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Ọsirélíà máa ń pé jọ sí ní ọdún méjì-méjì láti jó ijó àwọn baba ńlá wọn. Tí oòrùn bá ti wọ̀ níbẹ̀, kì í pẹ́ tí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Má tan fílàáṣì. Ẹsẹ̀ àwọn oníjó máa ń fọ́n eruku sókè, eruku yẹn ni ìmọ́lẹ̀ máa kọ́kọ́ bá, á sì wá di àmì funfun wínníwínní káàkiri fọ́tò. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ń kọ mànà sójú àwọn tó ń jó ijó tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Iná kékeré tí kámẹ́rà fi ń wá ojú ohun tó fẹ́ yà ńkọ́? Pa òun náà.

Ìbẹ̀rù ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, tún wà. Àwọn èèyàn á fi sí 400 kí fọ́tò má bàa rí wóró-wóró bí iyanrìn, kámẹ́rà á wá lajú pẹ́, ẹsẹ̀ oníjó á di èéfín. Gbé e sí 3200, àní 6400 pàápàá. Ṣí lẹ́ńsì dé f/2.8 tó bá lè ṣí tó bẹ́ẹ̀ (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó), kí ìyára ṣọ́tà, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára lajú kó sì dijú, má sì lọ sílẹ̀ ju 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Tí wọ́n bá ń fò, 1/500. Wóró-wóró ṣeé dín kù lórí kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ tó di èéfín ò ní àtúnṣe. Ẹ̀rọ inú kámẹ́rà tàbí lẹ́ńsì tó ń dín ipa ọwọ́ gbígbọ̀n kù kò sì lè gbà ẹ́ níbí: ọwọ́ tìẹ ló ń mú dúró, kì í ṣe oníjó.

Òkùnkùn ẹ̀yìn oníjó máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Á mú gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ẹfun ara wọn á funfun báláú, ìlà rẹ̀ ò ní hàn mọ́. Fúnra ẹ ni kó o dín ìmọ́lẹ̀ kù, kó o sì fi RAW yà á, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kí pupa iná lè ṣeé tún ṣe. Má pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú eruku.

Èyí tó burú jù lọ ni yíyà láìtọrọ àyè. Àwọn ijó kan wà tí kò sí fún fọ́tò rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn Aboriginal àti Torres Strait Islander, ìyẹn àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Ọsirélíà, ni rírí àwòrán òkú wọn jẹ́ èèwọ̀ fún, nítorí náà béèrè lọ́wọ́ ẹbí kó o tó gbé fọ́tò àtijọ́ síta. Tí àgbà kan bá sì ní kó o sọ kámẹ́rà kalẹ̀, sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó o máa wo ijó.