Ẹ yé jẹ́ kí owó yín wọgbó nídìí fọ́tókọ́pì

Ọdún kẹrìnlá mi rèé nídìí kántà fọ́tókọ́pì láíbìrì yunifásítì. Gbogbo ìgbà tí sẹ́mísítà tuntun bá ti wọlé ni inú máa ń bí mi, torí owó tí àwọn ọmọ tuntun, àwọn olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sọ́ọ̀bù ń fi ṣòfò ń dùn mí gan-an. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde.

1. Kéèyàn da odindi jọ́nà (ìwé tí wọ́n ń kó àpilẹ̀kọ ìwádìí oríṣiríṣi jọ sí) kọ nígbà tó jẹ́ àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ló fẹ́ kà. Ẹ má ṣe é.

2. "Kò sí àmì © lára ẹ̀, kò lẹ́ni tó ni ín." Irọ́ ni. Àtìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ní ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) lórí ẹ̀, kò dìgbà tí wọ́n bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, bí òǹkọ̀wé bá sì kú, ẹ̀tọ́ náà ṣì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú.

3. Ọ̀rọ̀ 10% yìí. Òun ló ń jó mi lára jù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bá mi, "Mummy, òfin gbà wá láyè láti da 10% ìwé kọ." Òfin wo? Copyright Act 2022 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní March 2023 ló wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ lọ ka section 20, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ fair dealing (lílo iṣẹ́ ẹlòmíì lọ́nà tó tọ́ láìgbàṣẹ), ẹ ò ní rí 10% níbẹ̀. Ohun tó gbà yín láyè ni ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò àti ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ̀ ń dá kọ́ fúnra yín, wọ́n á sì wo nǹkan mẹ́rin: kí lẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo lèyí tẹ́ ẹ mú ṣe pọ̀ tó nínú odindi, ṣé ò ní ba ọjà ẹni tó ni ín jẹ́. 10% yẹn, ní Britain ló wà, nínú láísẹ́nsì CLA (àjọ tó ń fúnni láṣẹ dída ìwé kọ níbẹ̀) tí àwọn yunifásítì wọn ń sanwó fún: orí ìwé kan, àpilẹ̀kọ kan nínú ẹ̀dà jọ́nà kan, tàbí 10%, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹni tí ò sanwó ẹ̀ ò lè dúró lé e lórí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sọ́ọ̀bù nígbà kan, olùkọ́ kan kó àpilẹ̀kọ 11 fún un pé kó dà á kọ, kó bàǹdì ẹ̀dà 180, kó tà á fún kíláàsì. Ó wá bi mí, mo sì ní tó bá ti jẹ́ ti ẹ̀kọ́ kò burú. Mo ṣì í lọ́nà. Ó yáwó ra bébà àti tónà, kò tíì tà tó 30 tí lẹ́tà lọ́yà àwọn tó tẹ jọ́nà náà jáde fi dé, ìyókù di ẹrù sí i lọ́rùn. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹni tó ń da ọ̀kan kọ láti kà yàtọ̀ sẹ́ni tó ń da 180 kọ láti tà. Kóòtù àpìlì kan ní Amẹ́ríkà dá irú ẹjọ́ yìí lọ́dún 1996, sọ́ọ̀bù kan ní Michigan ló ń bàǹdì ìwé kíláàsì tà, àwọn tó ni sọ́ọ̀bù náà ní àwọn ọmọ iléèwé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dà á kọ, àwọn kàn ń bá wọn ṣe é ni, kóòtù ní rárá o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jèrè lẹjọ́ kàn.

Òmíràn tún rèé, àwọn tó ń sanwó ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà wà lórí AJOL (ìkànnì African Journals Online) tẹ́ ẹ lè wà jáde láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wọn ní línkì, kẹ́ ẹ fi kọ́pì kan sí láíbìrì. Kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́: tẹ́ ẹ bá rí CC BY (àmì Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tí ẹni tó ni iṣẹ́ ti fún gbogbo èèyàn), ẹ lè dà á kọ fún gbogbo kíláàsì, ẹ ṣáà ti fi orúkọ òǹkọ̀wé sí i, tẹ́ ẹ bá wá rí NC (kì í ṣe fún òwò) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má tà á.