Bí a ṣe ń ya àwòrán kálísíọ̀mù inú iṣan tí àrùn Duchenne ń bá jà

Iṣan ẹsẹ̀ eku mdx ni mo fi máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá àyẹ̀wò. Eku yìí kò ní purotéènì dystrophin, bí àwọn ọmọkùnrin tó ní àrùn Duchenne náà kò ṣe ní in. Awọ fọ́nrán iṣan tí kò ní dystrophin a máa fàya bó bá ti ń ṣiṣẹ́, kálísíọ̀mù a sì ráyè wọlé. Fọ́nrán tó ti wọ̀ là ń wá. Ìtànṣán X-ray la fi ń wá a: á mú kí èròjà kọ̀ọ̀kan inú iṣan dáhùn pẹ̀lú ìtànṣán tirẹ̀, nítorí náà èròjà kankan kò gbọ̀dọ̀ kúrò níbi tó wà, èròjà àjèjì kò sì gbọ̀dọ̀ bá a.

Ẹ gé iṣan náà, kó má nípọn ju 5 mm lọ. Ẹ má fi omi ṣàn án, ẹ má sì rì í sínú fọ́málìn. Fọ́málìn dára fún ẹni tó fẹ́ wo bí iṣan ṣe rí lásán; ní tiwa, pọtásíọ̀mù inú fọ́nrán á ti bá omi rẹ̀ lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Dídì ló kàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bà á jẹ́. Náítírójìn olómi tutù dé -196°C, èèyàn á wá rò pé kóun kàn ju iṣan sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹ ṣáà ti rí omi tí wọ́n ta sínú agbada gbígbóná, bó ṣe máa ń ṣe rìbìtì tí á máa sáré kiri, tí kì í tètè gbẹ: ooru tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ ló gbé e dúró. Bẹ́ẹ̀ ni náítírójìn ṣe máa hó yí iṣan ká, tí òtútù kò fi ní tètè kàn án. Omi tó bá sì rọra dì ní í di yìnyín ńlá. Á lu fọ́nrán jálajàla bí asẹ́, èròjà inú rẹ̀ á ṣí kúrò níbi tó wà.

Isopentane, kẹ́míkà olómi kan, ni kí ẹ lò. Ẹ da á sínú ife irin, ẹ gbé ife náà kọ́ sínú náítírójìn, ẹ máa rò ó. Àwọn kan á ní kí ẹ ra tẹmómítà. Èmi ò lò ó rí. -160°C ni isopentane máa ń dì, nítorí náà bí ohun funfun bá ti ń dì mọ́ ìdí ife, àkókò tó. Ẹ fi ẹ̀mú Teflon rì iṣan sínú rẹ̀, ẹ mì ín díẹ̀díẹ̀, ẹ ka oókan dé ogún. Ẹ ṣí fèrèsé o: isopentane a máa gbiná, náítírójìn sì lè lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò nínú yàrá. Ẹ má sì fi pàúdà talc ra á bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Magnẹ́síọ̀mù wà nínú talc.

Láti ìgbà yìí lọ, kò gbọdọ̀ yọ́. Ẹja inú fìríìsà tí iná lọ lórí rẹ̀, tó yọ́, tó tún dì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nínú ọbẹ̀. Fóònù ẹnì kan dún lójú mi rí. Ó gbé ìgò iṣan sórí tábìlì, ó dáhùn, ó dá a padà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà la tó mọ̀.

Ẹ gé e nínú cryostat, ẹ̀rọ tútù tí a fi ń gé iṣan dídì pẹlẹbẹ, ní -22°C, kó nípọn tó 10 µm. Ìdí iṣan nìkan ni kí lẹ́ẹ̀ OCT kàn. Mo máa ń sọ gígé mẹ́ta àkọ́kọ́ nù, nítorí irin ara abẹ. Síńkì wà lára ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kálísíọ̀mù wà nínú gíláàsì: orí ọ̀rá Ultralene ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí. Fèrèsé silicon nitride, ìyẹn awẹ́ fẹ́lẹ́ tí a lè tẹ́ ẹ lé dípò ọ̀rá, dára jù, àmọ́ owó rẹ̀ kọjá kèrémí. Gígé tó tẹ̀ lé e lè lọ sórí gíláàsì fún aró. Ẹ wá gbẹ ti ọ̀rá nínú ẹ̀rọ freeze-dryer mọ́jú.

Synchrotron, ẹ̀rọ ńlá tó ń pèsè ìtànṣán X-ray tó lágbára, la fi ń ya àwòrán náà. Kò tíì sí i ní Áfíríkà; ẹ máa kọ̀wé béèrè àkókò ní SESAME ní Jọ́dánì tàbí Diamond nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kálísíọ̀mù ń dáhùn ní 3.69 keV (òṣùwọ̀n agbára ìtànṣán), àmọ́ pọtásíọ̀mù ní ohùn kejì ní 3.59, ó sì pọ̀ nínú iṣan ju kálísíọ̀mù lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ kí PyMca, ètò orí kọ̀ǹpútà, yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Kí ẹ tó wo kálísíọ̀mù rárá, ẹ wo àwòrán pọtásíọ̀mù. Inú fọ́nrán ló yẹ kó wà. Bó bá tàn dé àárín fọ́nrán sí fọ́nrán káàkiri, ó ti yọ́ níbì kan. Ẹ jù ú nù, ẹ lọ mú òmíràn.