Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Ẹ̀rọ Ìwádìí Òkun Fa Akẹ́kọ̀ọ́ Mọ́ra

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí olùkọ́ tan fídíò ẹja àrà ọ̀tọ̀ kan, kí àwọn ọmọ pariwo, kí agogo lù, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ dúró ti ẹ̀kọ́ yìí ni kí òun fúnra rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìwádìí òkun ń ṣe.

Páálí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ to òkúta sínú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ dé e, kí ẹ sì dá ihò sí ìdérí rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ bí ó ṣe jìn tó sílẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn ya àwòrán ìsàlẹ̀ tí ojú wọn kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà nínú Challenger, ọkọ̀ ojú omi ìwádìí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe wọn òkun láti ọdún 1872 sí 1876, àfi pé okùn tí a so ohun wúwo mọ́ ni tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó mẹ́nu kan sónà, ẹ̀rọ tó fi ìró rọ́pò okùn: a máa rán ìró sí ìsàlẹ̀, a sì máa ka àkókò tí ó fi padà dé. Ìró a máa rin nǹkan bí 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi òkun. Bí ó bá padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 4, báwo ni ibẹ̀ ṣe jìn tó? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé 6,000 mítà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn títí ẹnì kan yóò fi rántí pé ìró náà lọ, ó sì tún bọ̀.

Ọkọ̀ Okeanos Explorer ti Amẹ́ríkà a máa fi iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì rẹ̀ hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti ń lọ lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ lásán lè gba ojú àwòrán fún wákàtí kan (èmi kò ka ìyẹn sí àbùkù), nítorí náà ẹ fún wọn níṣẹ́ kíka ẹranko ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Argo, ẹ̀rọ tó ń léfòó, tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000 káàkiri òkun àgbáyé. Ọ̀pọ̀ wọn a máa bá omi lọ ní 1,000 mítà. Ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọn a rì dé 2,000 mítà, wọn a máa wọn ooru àti iyọ̀ omi bí wọ́n ti ń gòkè bọ̀, wọn a sì fi àbájáde ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Ọ̀fẹ́ ni àbájáde náà. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan ní tiwọn fún sáà kan, kí wọ́n máa ya bí ooru ṣe ń dínkù bí omi ti ń jìn. Níbi tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé. Bí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ kan bá dákẹ́ láàárín sáà, ẹ má sáré fún wọn ní òmíràn; ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ohun tó lè ṣe é, bóyá bátìrì rẹ̀ ló tán.