Bí wọ́n bá ní ìrísí nìkan làwọn tún ṣe nínú man page, ibi tí mo máa ń wò rèé

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ o, ìrísí nìkan ni mo tún ṣe." Ohun tí àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ wa ní Utako kọ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn nípa man page kan, ìyẹn ìwé ìtọ́sọ́nà tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo àṣẹ orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kì í fò ó, dáàṣì kan ló kọ́ mi.

Ètò ìkọ̀wé kan ti so dáàṣì méjì iwájú --target inú àṣẹ kan pọ̀ di ọ̀kan gígùn nínú man page tí mo fọwọ́ sí. Lójú, ó gún régé. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ẹni tó ń tọ́jú sáfà wa ní Kàdúná da àṣẹ yẹn kọ bó ṣe wà, ẹ̀rọ ní òun kò rí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pè mí ní Kubwa. Kò síná. Inú òkùnkùn ni mo ti ń pe lẹ́tà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, àmì àjèjì, èyí tó yàtọ̀ sí lẹ́tà àti àmì Gẹ̀ẹ́sì lásán, ni mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú fáìlì tuntun:

grep -nP '[^\x00-\x7F]' titun.1

Dáàṣì gígùn àti àmì àyọlò tó tẹ̀ á yọjú. Orúkọ òǹkọ̀wé tó ní àmì ohùn náà á yọjú. Ìyẹn tọ̀nà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Nínú fáìlì man, \- la fi ń kọ dáàṣì inú àṣẹ, torí pé - lásán lè di àmì mìíràn lórí àwọn ẹ̀rọ kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ló kàn. Ẹ má wo fáìlì nìkan. Ẹ sọ ti àtijọ́ àti tuntun di ohun tí ẹni tó ń lò ó máa rí, kẹ́ ẹ wá fi wọ́n wéra:

MANWIDTH=80 man --nh -l atijo.1 | col -b > a.txt
MANWIDTH=80 man --nh -l titun.1 | col -b > t.txt
git diff --no-index --word-diff a.txt t.txt

Bó bá jẹ́ ìrísí nìkan ló yí lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ dín, ọ̀kan kò gbọdọ̀ lé. Ti àbúrò mi dín. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ pé kéèyàn tọ́jú ẹ̀dà .bashrc (fáìlì tí ètò ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ wà) kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gé ìlà gígùn náà sí méjì, .bashrc wá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Bí àmì ìdánudúró bá bẹ̀rẹ̀ ìlà, groff, ètò tó ń to man page fún kíkà, á rò pé òun ni wọ́n ń pàṣẹ fún. Kò mọ àṣẹ kankan tó ń jẹ́ bashrc, ó bá gbé gbogbo ìlà náà jù nù. Nínú fáìlì, ọ̀rọ̀ pé. Lójú òǹkàwé, ìkìlọ̀ ti já sáàárín. Mo ní kó fi \&, àmì tí kì í hàn lójú òǹkàwé, síwájú rẹ̀ báyìí:

\&.bashrc

Ní ti lẹ́tà: ohun tí èèyàn máa tẹ̀ bó ṣe wà, lẹ́tà kíki, ohun tó máa fi tirẹ̀ rọ́pò, lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ ẹ bá sọ FILE di kíki, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa tẹ FILE gan-an. Mo ti rí i.

Àṣìkọ tẹ́ ẹ bá bá pàdé lójú ọ̀nà, inú commit ọ̀tọ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àyípadà inú git, ni kẹ́ ẹ fi í sí. Àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo tún tẹ àṣẹ mẹ́ta yẹn, git kò fọhùn, torí kò rí ìyàtọ̀ kankan, mo sì fọwọ́ sí i.