Ọjọ́ 21 láàárín kímò kan sí èkejì: bí mo ṣe tọ́jú ìyá mi nílé

Jẹjẹrẹ ọyàn ló ṣe ìyá mi. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ; oríṣi méjì ni, doxorubicin pẹ̀lú cyclophosphamide, ní ọjọ́ 21 síra. Wákàtí díẹ̀ péré ni ilé ìwòsàn fi ń fa oògùn náà sí wọn lára. Ọjọ́ 20 tó kù, ọwọ́ ará ilé ló wà, iṣẹ́ ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Ìwé kan ni mo kọ́kọ́ rà. Ojú ewé kan, ọjọ́ kan: oògùn tí wọ́n lò àti aago tí wọ́n lò ó, ìgbóná ara láàárọ̀ àti lálẹ́, iye ìgbà tí wọ́n bì, bóyá wọ́n yàgbẹ́. Bí dókítà bá béèrè bí ara ṣe rí, "a dúpẹ́" kò lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ló máa fi pinnu oògùn. Ẹ̀yìn ìwé náà ni ẹ̀dà gbogbo àyẹ̀wò wà, pàápàá èyí tó sọ ti ER, PR àti HER2 (àwọn àmì lára jẹjẹrẹ tí dókítà fi ń yan oògùn), torí fáìlì máa ń sọnù.

Bó bá ku ọjọ́ méjì kí a gba kímò, a máa ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) tàbí sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àìsàn jà bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á sún kímò síwájú. Ẹ má bá wọn jà sí i.

Lọ́jọ́ kímò, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ wà ni mo máa ń jókòó sí. Doxorubicin pupa bíi sobo. Bó bá jò kúrò nínú iṣan, ó lè jó ẹran ara níbẹ̀. Nítorí náà, bí ìyá bá ní "ó ń ta mí", tàbí tí awọ ibẹ̀ wú díẹ̀, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dá a dúró. Ẹ má sọ pé kí wọ́n fara dà á. Apá ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti yọ kókó abíyá, a ò gba abẹ́rẹ́ síbẹ̀, a ò sì wọn ìfúnpá níbẹ̀.

Ìtọ̀ á pupa fún ọjọ́ kan sí méjì. Àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú rẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Fún wákàtí 48, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mo fi ń kó póò àti èébì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ń fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Cyclophosphamide máa ń bu àpò ìtọ̀ jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mu omi tó lítà 2 sí 3 lójúmọ́, tí wọ́n sì ń jí tọ̀ lóru. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye omi tó yẹ ẹ́.

Oògùn èébì, aago ni mo fi ń fún wọn gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe kọ ọ́, mi ò dúró di ìgbà tí èébì bá ń gbé wọn. Ondansetron, ọ̀kan nínú wọn, máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, ìbẹ́pẹ ràn wá lọ́wọ́. Àárọ̀ ni mo ń fún wọn ní dexamethasone, èkejì, torí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn.

Bí oúnjẹ bá ń dùn bí irin lẹ́nu, ẹ lo ṣíbí rọ́bà. Ọ̀gì oní-mílíìkì àti mọ́ínmọ́ín, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Fún ẹnu, omi lítà 1, iyọ̀ ṣíbí ìmutíì 1, baking soda ṣíbí ìmutíì 1. Wọ́n á fi yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á sì tu ú dànù. Pákò lè dá egbò sí èrìgì. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló dára.

Ọjọ́ 7 sí 14 ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìgbà yẹn ni sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń lọ sílẹ̀ jù, kòkòrò kékeré sì lè di ọ̀ràn ẹ̀mí láàárín wákàtí díẹ̀. Ara gbígbóná dé, ará ilé á ní ibà ni, wọ́n á gbé oògùn ibà àti àgbo wá. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí thermometer bá ti kà 38, ilé ìwòsàn ni, bó jẹ́ aago méjì òru. Ẹ má fún wọn ní paracetamol kí ẹ tó wọn ìgbóná náà, torí ó máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbọ̀n láìgbóná, ẹ lọ bákan náà. Báàgì wa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: ìwé, owó, aṣọ, ṣájà. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó bá gbà yín pé kímò ni wọ́n ń gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á kẹ́yìn. Àlejò tó ń wúkọ́, orí fóònù ló ti kí wọn. Àgbo kankan kò wọlé láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, torí ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí àgbo àti kímò.

Irun máa ń já ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn kímò àkọ́kọ́. A ti gé e mọ́lẹ̀ ṣáájú, kí ó má baà máa wà lórí ìrọ̀rí láàárọ̀.

Nígbà tí kímò parí, tamoxifen 20 mg, oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí họ́mọ́ọ̀nù bọ́ jẹjẹrẹ náà, ló kàn fún ìyá mi, lójoojúmọ́, fún ọdún 5 ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ máa ń dá a dúró torí pé ara ti yá. Ẹ̀gbẹ́ ife tí wọ́n fi ń mu tíì láàárọ̀ ni tiwa máa ń wà, bó bá sì ti ku káàdì kan, mo ti lọ ra òmíràn.