Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe àfikún ẹ̀yìn fóònù tó ń wọn ooru ilé òròmọdìyẹ

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so nǹkan mọ́ ẹ̀yìn fóònù, yálà bátìrì àfikún ni o, yálà sẹ́ńsọ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí ayé nǹkan yẹn parí nígbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fóònù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú fáwọn ilé iṣẹ́ ńlá. LG gbé fóònù G5 jáde lọ́dún 2016, èèyàn lè fa ìsàlẹ̀ ẹ̀ yọ kó ki nǹkan míì bọ̀ ọ́, nígbà tí G6 fi máa dé ní 2017 wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹni tó ti ná owó sórí àfikún G5 kò rí fóònù tuntun tó máa gbà á. Google náà pa Project Ara, fóònù tí wọ́n fẹ́ kéèyàn lè máa pààrọ̀ ẹ̀yà ara ẹ̀, tì ní 2016 kan náà, kò dọ́jà rárá. Motorola ló gbìyànjú jù, Moto Mods wọn ń fi òòfà àti ojú irin kéékèèké 16 lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù Moto Z, wọ́n sì gbé e dé Z4 ní 2019, àmọ́ ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn gbogbo fóònù tó ń tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn kéèyàn pín iṣẹ́ náà sí méjì. Pouch fóònù yín wà lọ́tọ̀, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Àpótí kékeré wà lọ́tọ̀, inú ẹ̀ ni bátìrì, sẹ́ńsọ̀ àti òòfà máa wà. Bluetooth ni àpótí àti fóònù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò sí wáyà, kò sí ihò kankan tó gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí, torí náà Tecno ni o, Samsung ni o, iPhone ni o, kò kan àpótí.

Àwọn tó ń sin adìyẹ ni mo ní lọ́kàn. Àwọn èèyàn wa tó ń sìn ín ní Kuje, Gwagwalada àti Karu á mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń mú lóru, ooru yàrá òròmọdìyẹ á ti lọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bíi 32 sí 35°C ni wọ́n ń fẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á máa dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú ọ̀sán, àpótí yìí á wà lẹ́yìn fóònù yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ já a, ẹ fi kọ́ sínú yàrá, fóònù á máa wà lọ́wọ́ yín níta.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà: board XIAO ESP32C3 kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó ní Bluetooth ni, 21 × 17.8 mm péré ni, USB-C wà lára ẹ̀, ohun tó ń ṣájì bátìrì náà wà níbẹ̀), sẹ́ńsọ̀ SHT31 kan tó ń wọn ooru, bátìrì lithium 3.7V pẹlẹbẹ tó ní protection (ohun tó ń dáàbò bò ó) lára, òòfà kéékèèké mẹ́rin, àti irin pẹlẹbẹ. Sẹ́ńsọ̀ míì tó ń jẹ́ DHT22 ò wọ́n tó SHT31, àmọ́ ó lè fi ìdajì dígíríì ṣìnà, èmi ò ní lò ó fún òròmọdìyẹ. Pouch pọ̀ bíi rẹ́rẹ ní Banex ní Wuse 2, ẹni tó wà ní Kano lè lọ sí Farm Centre. Board àti sẹ́ńsọ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa tètè rí i.

Wáyà mẹ́rin péré lẹ máa fi sọ́dà jó mọ́ ọn, orúkọ tí wọ́n kọ sára sẹ́ńsọ̀ àti board lẹ máa tẹ̀ lé: VCC sẹ́ńsọ̀ lọ sí 3V3, GND sí GND, SDA sí D4, SCL sí D5. Bátìrì, abẹ́ board lojú ẹ̀ wà, ẹ fi mítà yẹ èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù wò kẹ́ ẹ tó jó o, torí tẹ́ ẹ bá gbé e sódì, board yẹn lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ so áńtẹ́nà tó bá a wá mọ́ ọn, ẹ má sì tẹ́ ẹ sórí bátìrì tàbí sí ẹ̀gbẹ́ òòfà, Bluetooth ò ní lọ jìnnà.

Ibi tí ẹ máa gbé sẹ́ńsọ̀ sí ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí o. Board máa ń gbóná, fóònù náà ń gbóná, tí sẹ́ńsọ̀ bá wà láàárín wọn, ooru fóònù lẹ máa máa kà, ẹ á rò pé ara ń tu àwọn òròmọdìyẹ nígbà tí òtútù ń pa wọ́n. Ẹ ṣe yàrá kékeré fún un ní igun àpótí tó jìnnà sí board jù, kí ògiri wà láàárín wọn, kẹ́ ẹ sì la ògiri ìta sí ojú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá ń fi kọ́, ibi tí ẹ̀yìn òròmọdìyẹ ga dé ni kẹ́ ẹ fi kọ́ sí, kì í ṣe òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù tàbí sórí ìkòkò èédú.

Kóòdù kò pọ̀. Ẹ install board ESP32 àti library (kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀) SHT31 sínú Arduino IDE, ìyẹn app orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ kóòdù sínú board, kẹ́ ẹ lo nọ́ńbà tí Bluetooth fúnra ẹ̀ ti yà sọ́tọ̀: service (irú iṣẹ́ tí àpótí ń ṣe) 0x181A, characteristic (ohun tó ń wọ̀n, ìyẹn ooru) 0x2A6E. Ẹ fi 100 ṣe ìlọ́po ooru kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ìyẹn ni pé 33.12°C á di 3312, báìtì tó kéré ló ń ṣáájú, F0 0C lẹ máa rí. Ẹ ṣí nRF Connect, app tó ń ka Bluetooth, lórí fóònù, á kà á fún yín, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kọ app tiyín. Ìgbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ tán lẹ tó máa kọ́ board pé kó máa sùn láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì kí bátìrì lè pẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ àpótí jáde lórí 3D printer, ẹ sọ fún wọn pé ike PETG lẹ fẹ́. Ike PLA máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C, inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sóòrùn Àbújá á sì wọ́ ọ. Ògiri 1.6 mm tó, ẹ fi 0.3 mm sílẹ̀ yí board ká, kẹ́ ẹ fi 1 mm sílẹ̀ lórí bátìrì torí ó lè wú díẹ̀ tó bá ti ń dàgbà. Irin ẹ̀yìn pouch, ìsàlẹ̀ ni kó wà, jìnnà sí kámẹ́rà. Òòfà máa ń da kámẹ́rà àti kọ́ḿpáàsì láàmú, ẹni tó bá ń fi fóònù wá qibla kó yọ pouch náà kúrò pátápátá kó tó wò ó.

Kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹmómítà gidi kan fún wákàtí kan. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá ojú sẹ́ńsọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ torí eruku máa ń dí i. Nínú ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí ibi tẹ́ ẹ wà bá ti gbóná kọjá 45°C, ẹ má ṣájì bátìrì yẹn, ẹ dúró dalẹ́.