Fún Àbúrò Tó Ń Lọ Kọ́ṣẹ́ Ìtukọ̀ Lójú Òkun

"Àǹtí, kí lẹ tiẹ̀ máa ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀?" Ìbéèrè tí wọ́n fi ń pàdé mi ní Lafẹ́nwá nìyẹn, nígbàkúùgbà tí mo bá ti inú ọkọ̀ wálé. Mi ò bá wọn jà. Odò Ògùn la bá dàgbà ní Abẹ́òkúta, òun náà kì í gbé ọkọ̀ ńlá. Kadẹ́ẹ̀tì ni mí, apá ìtukọ̀ ni mo wà, kì í ṣe apá ẹ́ńjìnnì. Bí ìwọ náà bá ti parí ẹ̀kọ́ kíláàsì ní Oron, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀, tó o wá ń retí ọkọ̀, gbọ́ tèmi.

Ẹrù ni ká kọ́kọ́ mú. Páásípọ́ọ̀tù, ìwé atukọ̀, yẹ́lò káàdì, àti ìwé ẹ̀rí pé o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń paná àti bí èèyàn ṣe ń là nínú omi: báàgì tí kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ ni kó o kó wọn sí. Lọ sí Kútọ̀, ra pẹ́ńsùlù 2B tó pọ̀. Òun la fi ń fa ojú ọ̀nà sórí máàpù òkun, torí ó ṣeé pa rẹ́ láì ya ìwé. Ra tọ́ọ̀ṣì àti ìwé kékeré tó wọ àpò. O lè gbé gaàrí díẹ̀ (ti Ìjẹ̀bú ni o, kí Ẹ̀gbá má bínú) àti ata gígún. Láfún ni kó o fi sílẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun nínú ọ̀rá ní pápákọ̀ òfurufú, àlàyé rẹ̀ á gùn. Bó o bá jẹ́ obìnrin, kọ́lẹ́sẹ̀ ni kó o dì. Ṣùkú kì í jẹ́ kí akoto jókòó.

Lọ́jọ́ tó o bá wọkọ̀, má tíì tú ẹrù. Wá ibi tí ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà rẹ wà, kó o sì rin ọ̀nà tó lọ sí ibi ìpéjọ pàjáwìrì títí tó o fi lè rìn ín nínú òkùnkùn. Bí fèrè bá dún kúkúrú lẹ́ẹ̀meje, tó wá dún gígùn lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni kó o gbà lọ. Má sì kúnlẹ̀ kí ọ̀gákọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì, "Good morning, sir" ti tó.

Ìṣọ́ ni àkókò tó o máa fi dúró ní yàrá ìtukọ̀, tí wàá máa ṣọ́ òkun. Wákàtí 4 ni ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Lọ́pọ̀ ọkọ̀, àwọn ọ̀gá mẹ́ta tó wà lábẹ́ ọ̀gákọ̀ ló ń pín in: Third Mate ló ń ṣọ́ aago 8 sí 12, Second Mate 12 sí 4, Chief Mate 4 sí 8. Bí wọ́n bá ní kó o yàn, bá Chief Mate lọ. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ìràwọ̀ máa ń yọ nígbà tí ibi tí ọ̀run ti pàdé omi ṣì hàn, ìgbà yẹn nìkan lo lè fi sextant, irinṣẹ́ tá a fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà, wọn ìràwọ̀ dáadáa. Tètè gòkè ṣáájú aago 4, kí ojú rẹ mọ òkùnkùn. Ó tó 20 ìṣẹ́jú kó tó mọ́ ọn. Iná pupa ni òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé ni ọ̀tún. Ọkọ̀ tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún yín ń kọjá lọ síwájú yín, iná pupa rẹ̀ lo máa rí, ẹ̀yin lẹ sì máa yà fún un.

Oorun lọ̀rọ̀ wà. Òfin ní kó o sinmi ó kéré tán wákàtí 10 nínú 24, àti 77 nínú ọjọ́ 7. Èmi máa ń sùn láti aago 8:30 alẹ́ di 3:30. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ mo máa ń kàwé, kí n tó lọ bá bosun, olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì, títí di ọ̀sán. Láti 12:30 di 3:30, mo tún ti sùn. 7 àti 3, wákàtí 10 pé. Àwọn tó ń wo fíìmù dòru ló ń tòògbé níwájú radar, ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ mìíràn hàn.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ rẹ ńkọ́? Má jẹ́ kó di ọjọ́ ìkẹyìn. Iṣẹ́ tí ọ̀gá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ tó o ṣe, kó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ìwé yẹn, nínú ètò ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, ló sọ oṣù 36 lójú omi di 12 kó o tó lè gba ìwé ẹ̀rí ìtukọ̀, tí ó kéré tán 6 nínú rẹ̀ á jẹ́ ìṣọ́ ní yàrá ìtukọ̀.

Bí òkun bá ń kọ́ ọ lóyì, wo ibi tí ọ̀run ti pàdé omi, dúró láàárín ọkọ̀, jẹ bisikíìtì gbígbẹ, má kàwé.

Ti ìyá rẹ ló kù. Bí ọkọ̀ bá ń lọ síhà ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, aago yín á máa yí, wákàtí 1 fún digírì 15 ìlà òòró ayé (longitude), íntánẹ́ẹ̀tì sì lè má wá fún ọjọ́ mélòó kan. Sọ fún un kó o tó lọ. Fún un ní nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n sọ ìgbà tó yẹ kó pè. Tèmi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lẹ nọ́ńbà náà mọ́ ògiri ìsọ̀, ó sì ń pè wọ́n láràárọ̀ kó lè kí wọn.